Àjèjì Tí Wọ́n Bí ní Padova

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù irun mi ní Arcella, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá ń gbé ní Padova, ní Italy, ẹ ó rí fọ́tò kan lára ògiri tí kì í ṣe fọ́tò irun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀. Aṣọ tó wọ̀ nípọn bíi tìmùtìmù, ìbòjú irin wà lójú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sórí yìnyín. Àwọn oníbàárà mi a máa bi mí pé ta nìyẹn, ṣé sójà ni àbí wẹ́dà. Màá ní Dámiláre ni, ọmọ Yéjídé, aṣọ́lé nínú eré hóki orí yìnyín, iṣẹ́ tó fi ń jẹun nìyẹn. Wọ́n á ní, "Hóki kẹ̀? Ọmọ Yorùbá?" Èmi náà á ní kí wọ́n jókòó dáadáa, irun tó kù tí a ò tíì dì ṣì pọ̀, kí n tó parí rẹ̀ wọ́n á ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ní mò ń fi ọmọ ọlọ́mọ yangàn kò purọ́. Mò ń fi yangàn.

Ọ̀rẹ́ mi ni Yéjídé. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe nílé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀, Ògúnlẹ́yẹ, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Dámi, ń ṣiṣẹ́ ní fáktírì tí wọ́n ti ń tẹ irin. Ará Ìléṣà ni, kì í sì í purọ́. Mi ò sọ pé kì í sábàá purọ́ o. Kì í purọ́ rárá ni, ìyẹn sì máa ń ni àwọn tó sún mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá se ọbẹ̀ tí kò dùn fún un, á jẹ ẹ́ tán, á dúpẹ́, á sì sọ fún yín pé kò dùn.

Padova ni wọ́n bí Dámi sí ní ọdún 1994. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Bí a bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Italian ni yóò fi dá wa lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ wa sì ń ṣe. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, bàbá rẹ̀ rán an níṣẹ́ níwájú àlejò, ó sì dáhùn pé, "Papà, non rompere." Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń sọ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn, pé kó yéé yọ òun lẹ́nu. Bàbá Dámi ò nà án. Ó jẹun tán, ó bá àlejò rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà. Ìyá àgbà wà ní Ìléṣà, òun ni yóò kọ́ ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Kò sí ohun tuntun nínú ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fi ọmọ tí apá wa ò ká ránṣẹ́ sílé rí. Ohun tí a kì í ṣe ni ká lọ sọ fún ìjọba. Orúkọ ọmọ á wà ní comune, ilé ìjọba ìbílẹ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ọjọ́ tó bá padà dé, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ibi tó lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Dámi wọ ẹ̀wù kóòtù rẹ̀, ó gba anagrafe lọ, ìyẹn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó ń gbé ìlú, ó ní ọmọ òun ti lọ sí Nàìjíríà, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí Yéjídé gbọ́, ó ní, "Bàbá Dámi, ta ló bi yín?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó bi mí. Ṣùgbọ́n ọmọ ò sí nílé. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n máa kà á mọ́ àwọn tó wà nílé ni?"

Àwọn kan nínú wa pè é ní ọmọlúwàbí. Àwọn kan pè é ní ọ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà yóò dà lọ́la, gbogbo wa sì gbàgbé rẹ̀.

Ọdún méjì ni Dámi lò ní Ìléṣà. Òyìnbó dúdú ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyẹ̀pẹ̀, nítorí náà wọ́n fi í ṣọ́lé. Ọsàn tí kò tíì pọ́n ni bọ́ọ̀lù wọn, ó sì le bí òkúta. Bó bá jẹ́ kó kọjá, wọ́n á bú u. Bó bá mú un, ọwọ́ á máa ta á. Ó yàn kí ọwọ́ máa ta òun.

Ó padà dé ní ọdún 2007. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó kí mi débi pé mo wẹ̀yìn wò bóyá ìyá ìyàwó ẹnì kan ló wọlé. Bàbá rẹ̀ sì tún wọ kóòtù, ó lọ kọ orúkọ rẹ̀ padà. Inú ilé dùn. Ní ilé ìwé, ọmọ kan tó ń jẹ́ Lorenzo mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gbá hóki pẹ̀lú bàtà onítáyà. Igi ni wọ́n fi ń gbá ohun pẹlẹbẹ kékeré kan, disco ni wọ́n ń pè é. Dámi ò mọ bàtà onítáyà wọ̀, kò sì sí ọmọ tó fẹ́ dúró níwájú àwọ̀n, nítorí náà wọ́n di aṣọ́lé mọ́ ọn lára. Mo ti ṣàkíyèsí i, ẹni tí kò lè sáré ni wọ́n ń fi síwájú àwọ̀n níbi gbogbo láyé.

Ohun tó ya Lorenzo lẹ́nu ni pé Dámi kì í dijú. Bí disco bá ń bọ̀ lójú rẹ̀, àwọn ọmọ yòókù á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun á la ojú rẹ̀ sílẹ̀, á nawọ́.

Bàbá Dámi ò fẹ́ eré náà. Ó ní ọmọ tó mọ̀wé ò gbọ́dọ̀ fi orúnkún rẹ̀ tọrọ jẹ. Síbẹ̀ ó lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó dúró sẹ́yìn, kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí eré parí, ó ní, "O ṣe dáadáa. Èyí tó wọlé kẹ́yìn yẹn, ẹ̀bi ẹ ni." Dámi sọ fún mi pé òótọ́ ni, ẹ̀bi òun ni. Láti ọjọ́ náà, bí kóòṣì bá yìn ín, á ṣì dúró de ohun tí bàbá rẹ̀ máa sọ.

Ní ọdún 2010, obìnrin kan tó ń jẹ́ Giulia rí i. Giulia ti ṣọ́lé fún àwọn obìnrin nígbà tirẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn aṣọ́lé ní ìlú kan lórí òkè, lókè Vicenza. Ó ní kí Dámi fi táyà sílẹ̀, kó wá sórí yìnyín. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ọmọ náà á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Vicenza, á wọ bọ́ọ̀sì gun òkè, pẹ̀lú ìrẹsì ìyá rẹ̀ nínú kúlà. Ó ṣubú títí ìdí rẹ̀ fi dúdú ju ara rẹ̀ lọ. Nígbà kan Giulia bi í pé ta ló kọ́ ọ láti má dijú. Ó ní ọsàn ni. Giulia rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣeré, títí Dámi fi ṣàlàyé Ìléṣà fún un. Giulia wá ní, "Ó dáa, kí bàbá ẹ rán gbogbo àwọn aṣọ́lé mi lọ síbẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bà á jẹ́ fún yín.

Òfin wọn ní, ọmọ àjèjì tí wọ́n bí sí Italy, tó sì ń gbé níbẹ̀ láìdáwọ́dúró títí ó fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, lè béèrè pé kí wọ́n sọ òun di ọmọ onílùú. Ọdún kan péré ni wọ́n fún un láti béèrè. Ní ọdún 2012, Dámi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ pé wọn yóò pè é sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè náà, ìwé yẹn nìkan ló kù. Òun àti bàbá rẹ̀ wọ aṣọ tó dára, wọ́n lọ. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wò ó lọ, wò ó bọ̀, ó ní ihò kan wà níbẹ̀. Láti ọdún 2005 sí 2007, ọmọ yìí kò gbé ìlú, nítorí náà kò lè gba ìwé náà. Ta ló yọ orúkọ rẹ̀?

Bàbá Dámi ní, "Sono stato io." Ó ní òun ni.

Obìnrin náà wò ó, ó ní, "Signore, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe é?"

Mo wà nílé wọn lọ́jọ́ náà, mo wá gbé kúlà mi. Dámi ò pariwo, ká ní ó pariwo ni ìbá sàn. Ó fi Italian sọ fún bàbá rẹ̀ pé gbogbo àwọn yòókù ló fi orúkọ ọmọ wọn sílẹ̀, gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó mú wọn. Bàbá rẹ̀ ní, "Òótọ́ ni mo sọ." Dámi ní, "E io?" Èmi ńkọ́.  Mo gbé kúlà mi, mo jáde.

Kí oṣù náà tó parí, Dámi ti kó lọ sí Marghera. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹrù kan tí wọ́n ń kó ẹja tó dì sí, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń gbá hóki, ṣùgbọ́n níbo? Ní líìgì tó ga, àjèjì díẹ̀ ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè mú, wọ́n sì ń fi àyè yẹn mú àwọn ará Canada àti Finland, àwọn tó jẹ́ pé wọ́n mọ yìnyín kí wọ́n tó mọ ìyá wọn. Ta ni yóò fi àyè àjèjì ṣòfò sórí ọmọ Arcella? Àwọn kóòṣì fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ní, "Bravo, tó o bá ti gba cittadinanza, ìwé ọmọ onílùú, pè wá." Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ló ń ṣọ́lé fún, níbi tí àwọn tó wá wòran kò pọ̀ tó àwọn tó ń gbá a. Ní ọdún 2013, iṣan orúnkún rẹ̀ já níbi ìdánrawò. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ilé ẹrù kò sì tún àdéhùn rẹ̀ ṣe, ó wá ń wẹ mọ́tò jẹun.

Èmi àti Yéjídé lọ wò ó. Irun rẹ̀ ti ta kókó, ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo ní kó jókòó sílẹ̀ kí n bá a dì í. Orí wà lọ́wọ́ mi nígbà tó ní, "Àǹtí Fúnkẹ́, basta, ó tó. Mo ti fi hóki sílẹ̀." Inú bí mi. Mo fà á nírun díẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe. Mo ní, "Tínú bá ń bí ẹ sí bàbá ẹ, bínú sí bàbá ẹ. Kí ni orúnkún ẹ ṣe fún ẹ? Kí ni Giulia ṣe fún ẹ? Ṣé bó o bá ń wẹ mọ́tò títí láé ni bàbá ẹ máa mọ̀ pé ó dùn ẹ́? Ó ti mọ̀."  Yéjídé ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 2014, Giulia pè é. Aṣọ́lé ẹgbẹ́ kan ní Torino, ará Canada, ń padà lọ sílé, wọ́n sì ń wá àjèjì mìíràn. Giulia ní, "Vai da straniero." Kó lọ gẹ́gẹ́ bí àjèjì.

Dámi ní láéláé. Ó ní òun ò ní lọ dúró ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí òun sí, kí òun ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ bí ẹni tó wá láti ìta. Giulia bi í pé, "O fẹ́ kí wọ́n pè ẹ́ ní ará ibí ni, àbí o fẹ́ ṣọ́lé?" Dámi pa fóònù. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀dùn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ò kéré, ẹni tí wọn ò lé kúrò nílé rẹ̀ rí kò lè mọ̀ ọ́n.

Yéjídé gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọkọ rẹ̀. Bàbá Dámi ronú títí, ó ní, "Tí wọ́n bá ní àjèjì ni, kó lọ jẹ́ àjèjì tí wọn ò ní fẹ́ kó lọ mọ́. Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o." Èyí nìkan ni mo gbọ́ rí pé ọkùnrin yẹn fẹ́ fi nǹkan pamọ́. Yéjídé sì sọ fún Dámi pé bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́. Ìyàwó wo ni kò ní sọ? Ó ní Dámi sọ lórí fóònù pé, "Ẹ bá mi wá bàtà mi, mo rò pé ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Giulia ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé e lọ sí Torino nínú oṣù Kẹjọ. Ará Finland kan àti ará Czech kan ló bá níbẹ̀, gbogbo wọn fẹ́ àyè kan ṣoṣo. Giulia sọ fún mi pé kóòṣì ní kí wọ́n máa gbá disco sí wọn títí ó fi máa rẹ̀ wọ́n, kó lè rí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó rẹ ará Finland, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Nígbà tó rẹ ará Czech, ó bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Nígbà tó rẹ Dámi, ó dákẹ́, ó kàn ń mú un ni. Kóòṣì náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ti ná owó ọkọ̀ òfuurufú lásán, àjèjì tí àwọn ń wá wà ní Padova. Lọ́jọ́ náà ni Dámi fọwọ́ sí àdéhùn. Kò ní kó ẹja mọ́, kò ní wẹ mọ́tò, kò ní ṣe nǹkan mìíràn ju kó ṣọ́lé, wọn yóò sì máa sanwó fún un. Nígbà tí Yéjídé sọ fún mi, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo jó títí dé ẹnu ọ̀nà alápatà.

Eré àkọ́kọ́ bọ́ sí oṣù Kẹwàá. Yéjídé ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Bàbá Dámi ní òun ò lọ, ọmọ ò pe òun. Mo ní, "Bàbá Dámi, ẹ lọ sí anagrafe nígbà tí ẹnì kankan ò pè yín. Ẹ lè lọ sí Torino." Yéjídé fẹ́ bò mí lẹ́nu. Ọkùnrin náà wò mí títí, mo rò pé yóò ní kí n jáde. Ó dìde, ó lọ mú kóòtù rẹ̀.

Ibi ìṣeré náà tutù bí inú fìríìjì. Gíláàsì gíga ló yí yìnyín ká, a sì jókòó nítòsí rẹ̀. Wọ́n pe àwọn àjèjì wọn, wọ́n ń fi orílẹ̀-èdè kún orúkọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti Canada, ọ̀kan láti Slovakia. Lẹ́yìn náà, "il portiere, dalla Nigeria, Damilare Ogunleye." Aṣọ́lé, láti Nàìjíríà. Mo wo Bàbá Dámi. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Dámi jẹ́ kí méjì wọlé láàárín ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin kan tó fi ìborùn ẹgbẹ́ náà wé ọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé irú aṣọ́lé wo lèyí. Mo bojú wò ó, ó gbé ojú kúrò. Ṣùgbọ́n kóòṣì ò yọ Dámi, Dámi náà ò sì bojú wẹ̀yìn. Láti ìgbà yẹn, ohun gbogbo tí wọ́n gbá, ó mú un. Ó fi àyà mú un, ó fi ìbọ̀wọ́ mú un, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ ó fi ẹsẹ̀ mú un. Àwọn tiwa jẹ ọ̀kan, wọ́n jẹ èkejì, wọ́n jẹ ẹ̀kẹta. Ní ìparí, àwọn alátakò kó ara wọn jọ síwájú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wọlé tòun tilẹ̀kùn, wọn ò rí ọ̀nà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ borí.

Ọkùnrin oníborùn yẹn gbá Bàbá Dámi léjìká, ó ní, "Che straniero abbiamo preso." Ẹ wo irú àjèjì tí a rí mú.

Bàbá Dámi yíjú sí i. Ó rọra fi Italian rẹ̀ tó wúwo sọ pé kì í ṣe àjèjì, Padova ni wọ́n bí i sí, ọmọ òun ni. Ó sì tún fi kún un, bó ti jẹ́ pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá òótọ́ dúró sí àárín ọ̀nà, pé òun fúnra òun ni òun yọ orúkọ rẹ̀.  Ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Àwọn agbáhóki lọ kí àwọn olólùfẹ́ wọn lódìkejì. Dámi ò tẹ̀lé wọn, ó ti rí wa. Ó ṣí ìbòjú rẹ̀, ó fi bàtà yìnyín yọ̀ wá síwájú gíláàsì tí bàbá rẹ̀ dúró sí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wọ̀, àyà rẹ̀ kan yìnyín. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé bí wọ́n ṣe ń yọ̀ nìyẹn. Wọ́n tẹ̀lé e wá, wọ́n dùbúlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ará Canada, ará Slovakia, àwọn ọmọ Torino, gbogbo wọn dojú bolẹ̀ níwájú Ògúnlẹ́yẹ ará Ìléṣà. Mo sunkún, mi ò tijú láti sọ ọ́.

Bàbá Dámi fi ọwọ́ lé gíláàsì, ó ń sọ̀rọ̀. Gíláàsì náà nípọn, ariwo sì pọ̀. Ọmọ ń gbé orí sókè, ó ń wo ẹnu bàbá rẹ̀, kò gbọ́. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí Dámi jáde sí wa níta, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, Giulia wà níbẹ̀, báàgì rẹ̀ tóbi ju ọmọ kékeré lọ. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí mi, ó wá ní, "Bàbá, mo rí i pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ."

Mo mọ ọ̀pọ̀ bàbá tí yóò ní kò sí nǹkan kan, òun kàn ní ó kú iṣẹ́ ni. Bàbá Dámi wo àwọn ènìyàn tó yí wa ká, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe.

"Mo ní, má bínú. Òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè wá sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ ni ẹrù rẹ̀ já lé lórí, mi ò sì bi ẹ́ kí n tó gbé e lé ẹ. Má bínú, Dámiláre."

Dámi ní, "Ó ti tán, sà."  Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé báàgì rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ti di ẹ̀gbẹ́ kan báàgì náà mú. Ọmọ kì í jẹ́ kí bàbá ru ẹrù, ó fà á, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Bàbá ò fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe jọ gbé e dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, èmi àti Yéjídé sì tẹ̀lé wọn lẹ́yìn.